Orúkọ tí Olùkọ́ Sọ Ọmọ: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti Ilé-Ìwé Girama Ní Òkè-Ògùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2016, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀lùbọ́ wọ yàrá iṣẹ́ mi ní ilé-ìwé girama ìjọba tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùdámọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó kí mi, ó jókòó, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ohun tí ó wí nígbà tí ó sọ̀rọ̀ ni pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi bẹ tíṣà yín kí wọ́n gba orúkọ wọn padà lọ́wọ́ ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti jáde ní ilé-ìwé wa láti ọdún 2014, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹ̀sùn kankan sí i títí ó fi lọ. Orúkọ tí ìyá náà ń wí ni "Dókítà", èyí tí olùkọ́ kẹ́mísírì wa sọ ọmọ náà nígbà tí ó wà ní SS1, tí gbogbo ilé-ìwé gbà lẹ́nu rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò sì gbà lẹ́nu àwa.

Àwa tí a jọ ń kọ́ ọmọ ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. N kò ní dárúkọ ìlú, ilé-ìwé, olùkọ́ tàbí ọmọ náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà àti ọmọ náà ti ka ohun tí mo kọ, wọ́n sì gbà pé kí n fi í hàn. Mo fẹ́ kí ó yé òǹkàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé olùkọ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe olùkọ́ burúkú. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́, n kò tíì bá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, tàbí ẹni tí kò bìkítà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní lágbára tó láti gbé ọmọ ẹlòmíràn ró, kò sì ní lágbára tó láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ ni ó jẹ́ nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ó parí ọdún ìsìnrú-ìlú rẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì gbà á síṣẹ́, ó tọrọ pé kí wọ́n dá òun padà sí ilé-ìwé wa, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti gbé ìlú ńlá kì í sábà ṣe. Yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì wa nígbà náà kò ju tábìlì gígùn méjì, ìgò díẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Kò sí bébà lítímọ́ọ̀sì tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ásíìdì, ohun tí ó kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, àti álíkálì, òdìkejì rẹ̀ bí omi eérú, kò sì sí owó tí a ó fi rà á. Ó ní kí àwọn ọmọ mú ìṣápá pupa gbígbẹ tí a fi ń ṣe sóbò wá láti ilé, kí wọ́n mú ọsàn wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì bu eérú wá láti ìdí ààrò ìyá wọn. Ó rẹ ìṣápá náà títí omi rẹ̀ fi pọ́n, ó pín omi náà sí ife mẹ́ta, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ṣe wà, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkejì, ó sì da omi eérú, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, sínú ẹ̀kẹta. Ti ọsàn pọ́n sí i, ó ń tàn yòò. Ti eérú yí padà lójú wọn, ó di àwọ̀ ewé. Mo wà ní ọ̀ọ́dẹ̀ nígbà tí ariwo sọ, mo rò pé ejò ni wọ́n rí.

Lẹ́yìn ariwo náà ni ó tó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó tó kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ojú pátákó. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, pé ọmọ tí a fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ ní ẹ̀kọ́ kì í di aláìmọ̀wé, ó sì máa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà nígbà tí ó bá tó àkókò.

Nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin tí mò ń wí ti nawọ́. Kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ó ní, "Sà, ṣé ohun tí ó wà nínú eérú yìí náà ni ó wà nínú kán-ún? Nítorí bí màmá mi bá fi kán-ún sí ewédú, ó máa ń tètè rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣá." Olùkọ́ náà fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó wo kíláàsì yíká, ó ní, "Ẹ dìde fún Dókítà." Àwọn ọmọ bí ọgọ́ta dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí orúkọ náà ṣe délẹ̀ nìyẹn.

Ire tí orúkọ náà kọ́kọ́ ṣe kò kéré. Ọmọ tí ó máa ń jókòó sí ẹ̀yìn bọ́ sí iwájú. Máàkì rẹ̀ nínú kẹ́mísírì gòkè, ti bàọ́lọ́jì náà gòkè, ó sì ń kó àwọn ọmọbìnrin yòókù jọ lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìparí iṣẹ́ láti kàwé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n yan sáyẹ́ǹsì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì gbà pé òun ni wọ́n ń wò. Bàbá rẹ̀ tí ó ti ń sọ ọ́ pé iṣẹ́ aránṣọ ni ọmọ náà yóò lọ kọ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ta ni yóò gbé dókítà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Àwa olùkọ́ yòókù ń pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ń pè é bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé ní òwúrọ̀, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2014, ó ṣe ìdánwò WAEC, ó sì ní kírẹ́díìtì nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó nílò. Ní ìdánwò JAMB, àmì tí ó ní lé díẹ̀ ní 200 nínú 400. Fún ọmọ tí ó ti ilé-ìwé bíi tiwa jáde, èyí kì í ṣe àbùkù rárá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ni ó sì lè fi wọ yunifásítì. Kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn ṣá o. Àyè tí ó wà fún ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, níbi tí ó kọ sínú fọ́ọ̀mù, kéré gan-an sí iye àwọn tí ó ń wá a láti gbogbo orílẹ̀-èdè, àmì tí wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀ jìnnà sí èyí tí ó ní, yunifásítì náà sì tún ń ṣe ìdánwò tirẹ̀ lẹ́yìn ti JAMB. Mo mọ gbogbo èyí. Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1977 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí olùdámọ̀ràn wà ní ilé-ìwé girama, kí ọmọ lè rí ẹni tí yóò bá a fi ojú òtítọ́ wo ọ̀nà tí ó wà níwájú rẹ̀. N kò pè é. Ìdùnnú tí orúkọ náà ń fún gbogbo wa kò jẹ́ kí n fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ tí ó tutù, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì. Olùkọ́ náà rí i lójú ọ̀nà, ó ní, "Ọdún tí ó ń bọ̀, Dókítà," ó rò pé òun fi gbà á níyànjú.

Ọdún 2015 ni JAMB gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ náà kò fọwọ́ kan máòsì rí kí ó tó jókòó síwájú ẹ̀rọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbéèrè tí òun mọ̀ wà lójú òun, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí a ṣe ń padà sí èyí tí òun fò. Àmì rẹ̀ kò tó 200 mọ́. Olùkọ́ náà kò fi í sílẹ̀: ó ní kí ó máa wá sí ilé òun ní ìrọ̀lẹ́, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn, ó ń kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi owó ara rẹ̀ sanwó fún wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tí olùkọ́ rere lè ṣe ni ó ṣe, àfi ẹyọ kan. Kò bi ọmọ náà léèrè bóyá iṣẹ́ dókítà ni ó wù ú.

Ní ọdún 2016, ìyá rẹ̀ fún un ní owó ọkọ̀ láti lọ ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dé páàkì, kò wọ ọkọ̀. Ó jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó padà sílé, ó ní òun ti ṣe é. Ìgbà tí èsì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde tí tirẹ̀ kò jáde ni àṣírí tú. Ìyá rẹ̀ tún wá rántí pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọmọ náà kì í gba iwájú ọjà kọjá mọ́, nítorí àwọn ọmọdé tí ó wà níbẹ̀ a máa kígbe "Dókítà! Dókítà!" bí wọ́n bá rí i. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó ń gbà lọ pọn omi. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó gbé e wá sí yàrá iṣẹ́ mi: "Màámi, n kò lè kojú Sà mọ́."

Mo pe olùkọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ìwúrí ni mo rò pé mò ń fún un." A jọ gbà pé kí ó bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú má bàa tì í. Ọmọ náà wá sí yàrá iṣẹ́ mi. Olùkọ́ náà fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà, pé iṣẹ́ olùkọ́ náà wà, iṣẹ́ rere sì ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ náà dára létí èmi tí mo ń gbọ́ ọ. Ọmọ náà wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ kò gbà mí gbọ́ mọ́ ni, Sà?" Ó dìde, ó lọ, a kò sì rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí ìgbìyànjú yìí fi bàjẹ́. Ojú ọmọ ọgọ́ta ni a ti sọ orúkọ náà, pẹ̀lú ìdìde àti àtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni a fẹ́ gbé gbà á padà. Ohun tí a fún ènìyàn ní gbangba tí a sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó jí i ni yóò rí lójú rẹ̀. Ohun mìíràn ni pé kò sí ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tí a dárúkọ fún un, etí rẹ̀ gbọ́ wọn bí ìgbà tí ènìyàn wọn aṣọ fún ọmọ, tí ó rí i pé kò tó, tí ó wá ń wá àkísà kiri.

Kí a tó tún pè é, mo bi olùkọ́ náà léèrè ohun tí ọmọ náà sọ gan-an ní ọjọ́ tí ó sọ ọ́ lórúkọ. Kò rántí. Ó rántí ìdìde, ó rántí àtẹ́wọ́, ó rántí pé inú òun dùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ náà kò gbàgbé. Ó ti sọ ọ́ fún mi ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìyẹn ni mo ṣe lè tún un sọ fún olùkọ́ rẹ̀: kán-ún, ewédú, eérú. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti dókítà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Olùkọ́ náà rí ohun gidi kan lára ọmọ yìí ní ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ kò sì tàn án. Ohun tí ó rí ni ọmọ tí ó ń wo ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ tí ó sì ń béèrè ìdí tí oúnjẹ fi ń yí padà. Àmọ́ orúkọ kan ṣoṣo ni a ní nílẹ̀ fún ọmọ tí ó bá mọ sáyẹ́ǹsì, kì báà ṣe pé òkúta ni ó fẹ́ràn tàbí ewé, kì báà ṣe pé ẹ̀rọ ni tàbí ìràwọ̀. A ń pe gbogbo wọn ní dókítà, a ń pe àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ní lọ́yà, a sì rò pé a ti ṣe wọ́n lóore. Àwọn àgbà sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí ọmọ mú wá láti ilé ni olùkọ́ náà kò tíì wò kí orúkọ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Olùkọ́ náà ni ó dábàá ohun tí a ṣe tẹ̀ lé e, n kò sì rò pé èmi ì bá ní ìgboyà rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kan, a lọ sí ilé àwọn òbí ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, kí wọ́n sì pe aládùúgbò méjì tí wọ́n máa ń pè é ní Dókítà jù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó jókòó, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni mo sọ ọmọ yín ní Dókítà. Inú dídùn ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣi orúkọ sọ, n kò sì fẹ́ kí ọmọ yín máa ru àṣìṣe mi kiri. Kò sí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ìtàn ìbéèrè ewédú náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ òun ni ó bí orúkọ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá náà bínú. Ó ní ṣé kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ fẹ́ rẹ ọmọ àwọn sílẹ̀ nítorí pé kò rówó lọ sí ilé-ìwé olówó ńlá. Olùkọ́ náà kò bá a jiyàn. Ó ní bí ọmọ náà bá sọ ní ìjókòó yìí pé iṣẹ́ dókítà ni ọkàn òun ń fẹ́, òun yóò máa kọ́ ọ títí yóò fi rí i, bí ó bá gba ọdún márùn-ún sí i. Gbogbo ojú yí sí ọmọ náà. Kò dáhùn ìyẹn. Ohun tí ó béèrè ni pé, "Sà, ṣé iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wádìí níbẹ̀?"

Láàárín oṣù kan, olùkọ́ náà mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólítẹ́kíníìkì kan, níbi tí ẹni tí wọ́n jọ kàwé ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n jẹ́ kí ó wo bí a ṣe ń wọn omi tí ó kù nínú gàrí, àti bí a ṣe ń mọ̀ bóyá májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ ti lọ tán lẹ́yìn tí a rin ín tí a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ọdún 2017 ni ó wọlé síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, ó lo ọdún méjì, èsì tí ó mú jáde sì jẹ́ kí yunifásítì kan gbà á sí ọdún kejì nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì oúnjẹ. Àrùn kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, èyí tí ó gba oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, fà á sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ó ti fa gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó parí ní ọdún 2024.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní apá mìíràn tí n kò lè fò, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Lẹ́yìn ìjókòó ọjọ́ Sunday yẹn, ẹ̀rù ba olùkọ́ náà. Fún nǹkan bí ọdún kan, kò yin ọmọ kankan mọ́. Ó ń wọ kíláàsì, ó ń kọ ìwé sójú pátákó, ó ń jáde. Kò sí ìṣápá, kò sí eérú, kò sí ariwo. Àwọn ọmọ SS1 tí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n wọn wá bá mi, wọ́n ní ṣé Sà ń ṣàìsàn ni. Ọmọ díẹ̀ ni ó yan kẹ́mísírì ní ọdún náà. Mo wá rí i pé àwa méjèèjì ti ṣi ìdí ọ̀rọ̀ mú: a ti ń fìyà jẹ ìtara rẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ìtara kò dá. Ọmọ tí ó ń bọ̀ láti ilé tí kò sí ìwé níbẹ̀ nílò ẹni tí yóò dìde fún un, ìdìde ọjọ́ yẹn sì tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni pé a dìde fún iṣẹ́ tí a rò pé ọmọ náà yóò ṣe lọ́jọ́ iwájú, a sì jẹ́ kí ohun tí ó ti ṣe lójú wa lọ́jọ́ náà bọ́ sọnù. Bí ó bá ti wí pé, "Ẹ dìde fún ìbéèrè yìí," ọmọ náà ì bá mú ìbéèrè náà lọ sí ibikíbi tí ó bá wù ú, kò sì sí ìdánwò tí ì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ èyí fún un, a sì jọ wá ohun tí a lè ṣe. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ nínípọn kan. Bí ọmọ bá béèrè ohun tí ó ta á jí, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ bí ọmọ náà ti sọ ọ́ gan-an, ní èdè tí ó fi sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, yóò sì kà á sókè fún kíláàsì. Ní SS3, kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù JAMB, èmi àti òun yóò pe ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ó ka ìbéèrè tirẹ̀ padà fún un, a ó sì bi í léèrè ibi tí ó rò pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń gbé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ní ìbéèrè nínú ìwé náà, iṣẹ́ náà sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú táàmù tí kò gùn. Àwọn òbí kan ṣì ń bínú sí wa pé a kò ní kí ọmọ àwọn kọ ìṣègùn. Ní tèmi, mo ti pinnu pé ọmọ tí gbogbo ilé-ìwé bá fi orúkọ ńlá pè ni n ó kọ́kọ́ pè, kí èsì kankan tó jáde, nítorí òun ni ó ṣòro fún jù láti wá bá mi fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá kí wa ní ìparí ọdún 2024. Wọ́n ṣì ń pè é ní Dókítà ní iwájú ọjà, ó ní òun ti ń dá wọn lóhùn. Olùkọ́ rẹ̀ gbé ìwé náà jáde fún un. Ojú ewé kìíní kò ní ọjọ́ kankan lórí, nítorí ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ti wà ṣáájú ìwé náà: ìbéèrè kán-ún àti eérú ni. Ó kà á, ó tọrọ bíírò, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé álíkálì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n pọtásíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú eérú, sódíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú kán-ún, àti pé kí màmá òun dín kán-ún inú ewédú náà kù, nítorí pé ó ń ba fítámì ewé jẹ́.